Rélùwéè Inú Pálọ̀ Bàbá Àgbà

Rélùwéè kò gba ìgboro Ṣàgámù kọjá nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n àwa ní tiwa nínú pálọ̀ Bàbá Àgbà. Ó wà lórí pákó pẹrẹsẹ kan tí káfíńtà kàn mọ́ orí àpótí ńlá, lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá. Irin rẹ̀ méjèèjì, tí àlàfo àárín wọn kò ju ìka méjì lọ, yí po lórí pákó náà, wọ́n sì padà wá pàdé ara wọn. Orí ọkọ̀ náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ní ihò èéfín dúdú, ó ní ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ̀yìn mẹ́ta, àwọn àpótí akẹ́rù rẹ̀, ló ń fà. Mo ní ó ń fà, àṣìsọ ni. Kò fa nǹkan kan rí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ojú kan náà ni ó dúró sí, àwa ọmọdé ilé sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni rélùwéè ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí olùkọ́ wa sọ fún wa ní kíláàsì pé ọkọ̀ ojú irin a máa sáré, èmi ni mo nawọ́ tí mo ní kì í sáré, pé a ní ọ̀kan nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi pè mí títí a fi gba ọlidé.

Ilé obì ni ilé wa, ní Sábó, ẹni tí kò bá sì gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bí obì ṣe máa ń pariwo tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọn yóò ti máa da obì sílẹ̀ láti inú àpò, gììrì, gììrì, débi pé àlejò tó bá sùn sílé wa yóò rò pé ògiri ló ń wó. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin tó ń bó obì yóò dé, tí wọn yóò jókòó yí báàfù omi ká, tí ọ̀bẹ wọn yóò máa dún ṣá ṣá ṣá, tí wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀ ọkọ oníkálukú láìdárúkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni ọ̀gá wọn. Òun kì í bó obì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mú èyí tí wọ́n ti bó, kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó gbé e sí imú, kí ó ní, “Kòkòrò ti wọ èyí,” kí ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Èyí tó bá yege, inú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ ewé gbòdógì sí ni yóò lọ. Wọn yóò wọ́n omi sí i, wọn yóò fi ewé bò ó, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọn yóò tú u, wọn yóò yí i padà, wọn yóò tún wọ́n omi. Bí obì bá fi lè gbẹ, èrè ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ti wọ Ìyá Àgbà lára débi pé kò fẹ́ kí ohunkóhun gbẹ lójú òun. Àdín ló fi ń ra ẹsẹ̀ wa láràárọ̀ kí a tó lọ sí ilé ìwé, tí eruku ọ̀nà yóò fi lẹ̀ mọ́ wa títí dé orúnkún. Ó ń fi í ra ọ̀pá ìtilẹ̀ Bàbá Àgbà, ó ń fi í ra bàtà Jímọ̀ rẹ̀, ó ń fi í ra irin ilẹ̀kùn kí ó má baà han. Gbogbo ilé wa ló ń rùn àdín, a ò sì mọ̀, àfi ìgbà tí a bá lọ sí ilé ẹlòmíràn tí a wá rí i pé ilé tiwọn kò rùn nǹkan kan. Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Ìgò àdín kan wà lẹ́bàá ibùsùn mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ń sá fún mi tí wọ́n bá ti wẹ̀ tán.

Alhaji Gàrúbà ni ó fún Bàbá Àgbà ní rélùwéè náà. Ará Kánò ni, ó gbé Sábó fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó bí mi, òun ló sì kọ́kọ́ ń ra obì lọ́wọ́ Bàbá Àgbà nígbà tí Bàbá Àgbà kò tíì ju ẹni tó ń ru agbọ̀n tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbé obì láti Ṣàgámù dé ìdíkọ̀ rélùwéè, rélùwéè yóò gbé e dé Kánò, àwọn èèyàn Alhaji Gàrúbà yóò sì gbà á níbẹ̀. Nígbà tí ó ń padà sílé pátápátá, ó gbé ọkọ̀ kékeré yìí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa fi rántí ọ̀nà tí àwọn jọ là. Inú Bàbá Àgbà dùn débi pé ojú ẹsẹ̀ ló ránṣẹ́ pe káfíńtà. Káfíńtà ṣì ń kàn án lọ́wọ́ nígbà tí Alhaji Gàrúbà dìde, ó ní àwọn tí òun fẹ́ bá rin ìrìn àjò ń dúró de òun, ó sì lọ. Nígbà tí káfíńtà parí lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà kó ará ilé jọ, ó ki wáyà bọ iná, ó yí ọwọ́ àpótí dúdú kékeré tó ń gbé iná fún ọkọ̀ náà. Kò mira. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó gbá a létí. Kò mira. Nígbà tó yá, tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó obì lọ tààrà sí òkè ọya, awakọ̀ kan wá béèrè bóyá iṣẹ́ kan wà tí òun yóò jẹ́ fún Alhaji Gàrúbà. Bàbá Àgbà wo rélùwéè náà, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Sọ fún un pé ó ń sáré dáadáa.”

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Àmọ́ Alhaji Gàrúbà rán awakọ̀ náà padà pé ṣé lóòótọ́ ni ó ń sáré. Ẹni tí wọ́n bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀nà méjì. Bàbá Àgbà ní kí ó sọ fún un pé ó sáré lọ́jọ́ iléyá, àwọn ọmọdé sì pàtẹ́wọ́. Láti ọdún dé ọdún ni irọ́ náà ń sanra. Ní ọdún kan ó ń gbé obì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kejì ó ń fọn fèrè. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, lèmọ́ọ̀mù wá wò ó. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, nítorí pé àárín àgbàlá ni Bàbá Àgbà ti máa ń rán an, awakọ̀ náà yóò sì tún un sọ tẹ̀lé e kí ó má baà gbàgbé, yóò máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Àgbà kì í purọ́ nínú ohunkóhun mìíràn. Mo ti rò ó títí lẹ́yìn tí mo dàgbà, mi ò sì rí irọ́ kejì tí mo lè kà sí i lọ́rùn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni. Awakọ̀ ti òkè ọya dé, ó jókòó sórí àpò obì, ó mu omi, ó tún bu òmíràn mu. Lẹ́yìn náà ló ní Alhaji Gàrúbà kí Bàbá Àgbà. Ó ní ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Sábó lẹ́yìn tí oṣù tó ń bọ̀ bá lé, òun yóò wá, ilé wa ni òun yóò dé sí. Awakọ̀ náà họ orí. “Wọ́n tún ní ojú ara àwọn ni àwọn fẹ́ fi rí rélùwéè yẹn kí ọlọ́jọ́ tó dé.”

Ìkọ́kọ́rẹ́ la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ tí Bàbá Àgbà fẹ́ràn jù láyé, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ọ wò, ó gbé àwo sílẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó tì í. Èmi ni mo gbé omi ìfọwọ́ dání, mi ò lọ, torí pé kò sí ẹni tó lé mi.

“Ẹ kúkú sọ fún un pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ni,” Ìyá Àgbà ní.

“Irọ́ mìíràn nìyẹn.”

“Ẹ ti pa púpọ̀ lórí ẹ̀. Ọ̀kan ló kù.”

Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun àti Gàrúbà kò kọ ìwé láàárín ara wọn rí. Ó ní bí òun bá sọ fún Gàrúbà pé obì dáradára ló wà nínú agbọ̀n, Gàrúbà kì í tú u wò kí ó tó sanwó. Bí Gàrúbà bá sì sọ pé agbọ̀n báyìí jẹrà lọ́nà, òun náà kì í bi í pé níbo. Ẹnu nìkan ni wọ́n fi ṣe é láti ìgbà èwe wọn. “Bí ó bá dé, tí ó rí i pé mo purọ́ fún òun lórí nǹkan ìṣeré, kí ló máa rò nípa agbọ̀n?” Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo gbé omi náà jáde, mo sì sọ fún gbogbo ọmọdé ilé pé rélùwéè gbọ́dọ̀ sáré, bí kò bá sáré, a ò ní rí obì tà mọ́.

Bọ̀dá Gàníyù ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Àbúrò bàbá mi ni, mẹkáníìkì tírélà ni ní Ògèrè, ní ẹ̀gbẹ́ títì ẹsipirẹ́ẹ̀sì, kò sì sí àrùn tó wà láyé tí kì í fi wé ti tírélà. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, yóò ní radiétọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n wò. Ó wọlé, ó wo rélùwéè náà láti ọ̀kánkán, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó nu ọwọ́.

“Orí ni tàbí ẹ̀yìn?” ó béèrè.

“Gàníyù, ṣé o rí i kó sáré ni?” Bàbá Àgbà dáhùn.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Iná ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó tún wáyà inú rẹ̀ dè. Ó gba gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mi, ó fi ẹnu wáyà méjèèjì tó ti inú àpótí dúdú jáde kàn án, gílóòbù náà tàn. Ó ní, “Bátìrì dáa.” Bàbá Àgbà ní kì í ṣe bátìrì, iná ilé ni. Bọ̀dá Gàníyù ní bátìrì ni àwọn ń pè é. Ó wá gbé orí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà, ó tẹ́ aṣọ sórí itan, ó ní kí n lọ yá súkúrúdíráfà ti màṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́ télọ̀ iwájú ilé, torí pé èyí tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju rélùwéè náà lọ. Nígbà tó tú ìdérí rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Kíìkì ni,” ó ní. “Kíìkì tírélà tó ń ṣí ẹ́ńjìnì ni wọ́n ṣe kékeré báyìí. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ló ti jẹ tán.” Ó fi hàn mí. Ègé dúdú méjì tín-ín-rín ni, tó yẹ kí wọ́n máa fara kan ibi tó ń yí, kí iná lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan ti di eruku, èkejì kò kù ju orí ìṣáná lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó mú kábọ́ọ̀nù kíìkì tírélà tó ti gbó wá láti Ògèrè, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn wa, ó ń ha á lórí símẹ́ńtì títí ó fi kéré bí ìrẹsì. Àtẹ̀gùn náà dúdú, sòkòtò rẹ̀ dúdú, imú rẹ̀ náà dúdú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n la àtẹ́lẹwọ́ kí ó máa kó súkúrúù àti sípírìn-ìn sí i. Sípírìn-ìn kan wà tí kò gùn ju ẹ̀gún ẹja lọ, òun ló ń ti kábọ́ọ̀nù náà síwájú. Bí Bọ̀dá Gàníyù ṣe fẹ́ kì í bọ àyè rẹ̀ ni ó ta fò, tín-ín, ó kọjá lójú mi, ó kọjá lórí báàfù, ó kó sínú òkìtì obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀. Gbogbo ọ̀bẹ dúró. Bọ̀dá Gàníyù di orí mú. Ó ní sípírìn-ìn irú rẹ̀ kò sí ní Ṣàgámù, kò sí ní Ògèrè, bóyá ni yóò sì wà ní Èkó. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá a, oníkálukú ń sọ ibi tí òun ti rí i kó bọ́ sí, ibi tí wọ́n ń sọ kò sì papọ̀. Ìyá Àgbà ní kí gbogbo wọn kúrò. Ó kúnlẹ̀, ó di ojú, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ obì, ó rọra ń fi ìka wá inú rẹ̀ bó ṣe máa ń wá kòkòrò. Kò pẹ́ tó fa ọwọ́ yọ. Sípírìn-ìn náà wà lórí èékánná rẹ̀. “Ohun tó le koko nínú obì,” ó ní, “éè ṣe obì.” Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún un, Bọ̀dá Gàníyù sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú imú dúdú rẹ̀.

Nígbà tó to gbogbo rẹ̀ padà, ó dojú ọkọ̀ náà dé, ó fi ẹnu wáyà méjì kan abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí. Ó ń yí wìrìwìrì lọ́wọ́ Bọ̀dá Gàníyù, ó ń kùn bí eṣinṣin ńlá tó há sínú ìgò. Bàbá Àgbà ní “Alihamudulilahi,” ó tún un wí, ó sì lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán tó ti kọ̀ sílẹ̀. A gbé ọkọ̀ náà sórí irin. Bọ̀dá Gàníyù yí ọwọ́ àpótí dúdú. Kò mira.

Ibi tí ìyà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e lọ́wọ́, tí wọ́n fi wáyà kàn án, yóò yí. Bí wọ́n bá gbé e sórí irin, yóò kú. Bọ̀dá Gàníyù fi sáńpépà ha irin náà nírọ̀lẹ́, ó fi pẹtiróòlù nù ún, ọkọ̀ náà sì rìn láti ọ̀dọ̀ fèrèsé títí dé kọ̀rọ̀ pákó kí ó tó dúró. A hó yèè. A sùn pẹ̀lú ìdùnnú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kú pátápátá, kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó tún ha á. Ó tún rìn, ó tilẹ̀ yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ mọ́, ó ti kú. Bọ̀dá Gàníyù kọ́kọ́ ní ìrì òru ni. Ó ti fèrèsé pa. Ilẹ̀ mọ́, ó ti kú. Ó ní iná òwúrọ̀ kò lágbára tó ti ìrọ̀lẹ́. Bàbá Àgbà ní bóyá ojú ènìyàn wà lára rẹ̀, ó ka àdúrà sínú omi, Bọ̀dá Gàníyù sì bẹ̀ ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ pé kí ó má wọ́n ọn sórí wáyà. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi.

“Sìkírá, ìwọ lo ń fọwọ́ kàn án.”

Mo fi Kùránì búra. Ó ní ọmọdé kì í fi Kùránì búra. Mo bú sẹ́kún, Ìyá Àgbà sì wá gbà mí, ó ní kí Gàníyù fi ọmọ òun sílẹ̀, kí ó wá ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dun Bọ̀dá Gàníyù gan-an. Oṣù ti lé, Alhaji Gàrúbà sì ti wà lójú ọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ kan báyìí, Bọ̀dá Gàníyù kò padà sùn. Ó lọ sínú pálọ̀ láti wo ohun tí ìrì ń ṣe. Ó gbé ìka lé irin náà, ìka rẹ̀ sì yọ̀ láti ìhín dé ọ̀hún. Ó gbé ìka sí imú. Mo wà ní àgbàlá nígbà tó jáde, ìka rẹ̀ wà lókè bí ẹni tó fẹ́ ka kàlímọ̀ ṣàhádà. Ó dúró níwájú àwọn obìnrin.

“Àdín ni,” ó ní. “Ta ló ń fi àdín ra irin rélùwéè?”

“Èmi ni,” Ìyá Àgbà dáhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. “Ta ni ìbá tún bá yín tọ́jú ẹ̀?”

Bọ̀dá Gàníyù jókòó sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù. Bàbá Àgbà ti yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Àgbà wá ṣàlàyé, ó ń tẹ obì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé nǹkan náà dé, inú agbọ̀n ni òun kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí títí tí káfíńtà fi parí iṣẹ́. Òun tẹ́ ewé gbòdógì tuntun sí i, òun sì wọ́n omi sí i dáadáa, torí pé ẹ̀bùn ńlá ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń dípatà. “Ni mo bá mọ̀ pé éè fẹ́ omi. Àdín ló fẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń ra ọ̀pá bàbá yín láàárọ̀, mo ń ra òun náà, irin ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ wò ó, ṣé ó dípatà?”

Lóòótọ́, kò dípatà. Ó ń dán lójú fèrèsé, kò sí rélùwéè tó tún dán tó o.

“Láti ọjọ́ náà?” Bàbá Àgbà béèrè.

“Ṣé kí n jẹ́ kó gbẹ ni?”

Bọ̀dá Gàníyù ṣàlàyé fún un pé inú irin ni iná ń gbà wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, iná kò sì lè la àdín kọjá. Ìyá Àgbà ní àdín kò dí ohunkóhun lọ́wọ́ lára Gàníyù fúnra rẹ̀ láti kékeré, ó dàgbà, ó sì ń jẹun. Kò gbé oúnjẹ fún Bọ̀dá Gàníyù fúnra rẹ̀ mọ́. Èmi ni ó ń fi oúnjẹ rẹ̀ rán, ẹran inú rẹ̀ sì ń kéré sí i lójoojúmọ́. Inú mi bàjẹ́ fún Ìyá Àgbà, torí mo rí i pé ojú ń tì í. Nǹkan tó rò pé òun ń fi ìfẹ́ ṣe ni kò jẹ́ kí ẹ̀bùn ọkọ rẹ̀ rìn láti gbogbo ọdún yìí wá, gbangba ló sì ti ń ṣe é, kò sí ẹni tó kíyè sí i.

Àmọ́ àdín ọdún gbọọrọ kò ṣeé fi sáńpépà lásán yọ. Ó ti dì mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó ti wọ kọ̀rọ̀ irin, ó ti dúdú, ó ti le. Bọ̀dá Gàníyù ha á títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ó mí kanlẹ̀. “Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ àdín láyé yìí mọ́,” ó ní, ó sì ká apá aṣọ sókè. Ó gbé omi gbígbóná, ó gbé ọṣẹ dúdú, ó mú ọ̀bẹ ìbóbì tó ní ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó fa òwú gba àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ kọ̀rọ̀ irin. Bọ̀dá Gàníyù ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí omi dé ibi tí kíìkì wà, òun náà ní kí ó dákẹ́, òun ti ń wẹ ọmọ tuntun kí wọ́n tó bí i. Wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n sá a. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí irin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ó sì ṣí lóòótọ́, sẹ́yìn ni ó ń lọ.

Bàbá Àgbà wò ó. “Gàníyù, ó ń fẹ̀yìn rìn.”

“Ó ti já ẹrù ní Kánò ni, Bàbá. Ó ń bọ̀ nílé.”

Wáyà méjèèjì ni Bọ̀dá Gàníyù ti dè sí ipò ara wọn. Ó yí wọn padà, ọkọ̀ náà sì ń lọ síwájú, ó yí po, ó tún yí po, a ò lè ka iye ìgbà tó yí po. Ìyá Àgbà jókòó tì í títí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ìgò àdín wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Gàníyù.

Alhaji Gàrúbà dé lẹ́yìn Jímọ̀. Mo ti rò pé ènìyàn gíga ni, àmọ́ bàbá arúgbó kúkurú kan ni ó sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Òun àti Bàbá Àgbà di ọwọ́ ara wọn mú ní àárín àgbàlá, wọn ò tètè jẹ́ kí ó lọ. Yorùbá Sábó ni ó ń sọ, Haúsá díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà, tí Bọ̀dá Gàníyù ti tú kúrò lórí àpótí, tó sì gbé sí ilẹ̀ kí orúnkún àlejò má baà ní wàhálà. Bàbá Àgbà mi orí sí mi. Èmi ni wọ́n fún ní ọwọ́ àpótí dúdú láti yí. Mo yí i, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà sì ṣí, obì kan nínú ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ó gba iwájú Alhaji Gàrúbà kọjá, ó gba iwájú Bàbá Àgbà kọjá, ó tún padà wá. Mo wo ojú àlejò. Kò pàtẹ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tó rí òkú lójú títì. Ibẹ̀ ni iná lọ. Ọkọ̀ dúró.

“Alhaji,” àlejò wa sọ fún Bàbá Àgbà, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, “ta ló tún un ṣe?”

“Tún kí ni ṣe?” Bàbá Àgbà dáhùn.

“Haba, Alhaji. Nǹkan yìí ti kú kí n tó gbé e fún ẹ.”

Ó ní ọ̀dọ̀ kúùkù òyìnbó rélùwéè kan ni òun ti rà á, kúùkù náà sì sọ fún òun pé inú rẹ̀ ti jóná, fún wíwò lásán ni. Òun fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Bàbá Àgbà ti ránṣẹ́ pe káfíńtà, ìdùnnú rẹ̀ sì pọ̀ jù, ẹnu òun kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí òun fi sá lọ kí wọ́n tó ki wáyà bọ iná. Òun ń retí kí Bàbá Àgbà bú òun. “Lo bá ránṣẹ́ pé ó ń sáré. Wallahi, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkùnrin yìí mọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì, o ní àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ọdún tí o ní ó ń fọn fèrè, mi ò lè jẹun. Nígbà tí o pe lèmọ́ọ̀mù sí i, mo ní ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ìgbéyàwó kọ́ ni mo bá wá, Alhaji. Mo wá tọrọ àforíjì.”

Bàbá Àgbà yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó wo Bọ̀dá Gàníyù, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Gàrúbà, nǹkan yìí kò sáré rí. Ọ̀sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀. Mo ń purọ́ fún ọ kí inú rẹ má baà bàjẹ́ ni.”

Wọ́n wo ara wọn. Alhaji Gàrúbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú, Bàbá Àgbà náà sì fi fìlà nu ojú. Mi ò tíì rí kí àgbàlagbà méjì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ara sì tù mí wọ̀ọ̀, torí mo mọ̀ pé a ṣì máa rí obì tà. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Àgbà dé fìlà padà, ojú rẹ̀ sì yí bìrí.

“Gàrúbà. Àwọn agbọ̀n tí o máa ń ní ó jẹrà lọ́nà ńkọ́?”

“Ìyẹn jẹrà, wallahi.” Alhaji Gàrúbà na ìka sí Bàbá Àgbà. “Èyí tí ìwọ máa ń ní obì dáradára ni ńkọ́?”

“Ó dáa,” Bàbá Àgbà ní. “Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ dáa.”

“Èyí tó pọ̀ jù?”

“Ìwọ náà, jẹrà báwo? Ṣé gbogbo agbọ̀n ni?”

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń mú ọdún jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mú agbọ̀n jáde, ìka ọwọ́ wọn ń fò, oníkálukú ń na ọrùn sí ojú èkejì, inú àwọn méjèèjì sì ń dùn bí ọmọdé tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ilé kéwú. Wọn ò mọ ìgbà tí iná padà dé. Kò sí ẹni tó rántí yí ọwọ́ àpótí dúdú padà, rélùwéè náà sì ṣí fúnra rẹ̀, ó ń lọ láàárín wọn pẹ̀lú obì mẹ́ta, ó gba abẹ́ apá Alhaji Gàrúbà kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún Bàbá Àgbà, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Ìyá Àgbà gbé oúnjẹ wọlé, ó dúró. Mo nawọ́ láti pa á.

“Fi í sílẹ̀, Sìkírá,” ó ní. “Ó ti dúró pẹ́.”